Kí Ọdẹ Tó Wọ Oko Olóko

Bí olóko bá bi ọdẹ pé ta ló ní kó wọ oko òun lóru, èsì tó sábà máa ń gbọ́ ni pé ẹran ìgbẹ́ kò lólúwa. Irọ́ kọ́. Ọ̀yà tó jẹ ẹ̀gẹ́ lágbájá lánàá lè wà nínú àgbàdo làkáṣègbè lónìí, kò sì sẹ́ni tó so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ fi í sínú òfin wọn pé ẹran tí kò sí níkàáwọ́ ẹnikẹ́ni di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ mú un, ìbáà jẹ́ orí ilẹ̀ ara rẹ̀ tàbí orí ilẹ̀ ẹlòmíràn ló ti mú un. Àmọ́ nínú òfin kan náà yẹn, wọ́n fi kún un pé bí onílẹ̀ bá rí ọdẹ tó ń bọ̀, ó lè ní kó padà. Apá kejì yìí ni àwọn ọdẹ wa kì í fẹ́ gbọ́. Ẹran lè má lólúwa, ilẹ̀ tó ń jẹ̀ lé lórí lólúwa, iṣu inú ebè lólúwa, ẹni tó sùn sí ahéré náà sì lẹ́bí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kí ọdẹ tọrọ àyè kó tó wọ oko olóko, àti pé ẹni tó yẹ kó tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń fọ́nnu pé bàbá òun ló ni ilẹ̀, bí kò ṣe ẹni tó ń roko ibẹ̀ lọ́wọ́. Níbòmíràn, ìyàtọ̀ yìí lè má tó nǹkan. Ní Ìlobù àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ìlú méjì tó ń du ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé.

Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó ni kí ọdẹ máa tọrọ àyè. Wọn kò rántí ààlè. Kí lèèyàn ń wí bó bá so àkísà mọ́ igi ọsàn, tó fi màrìwò dábùú ọ̀nà oko, tàbí tó gbé ṣùkù àgbàdo àti ìkarahun ìgbín kọ́ sórí ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìdáná tó kó jọ? Ní ìpínlẹ̀ Texas l'Amẹ́ríkà, ọ̀dà elésè àlùkò tí wọ́n kùn sára igi ààlà ti tó lábẹ́ òfin láti lé ọdẹ padà. Ààlè ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún wa kí ẹnikẹ́ni níbí tó gbọ́ orúkọ Texas. Ẹ tún wo Òṣogbo tó múlé gbè wá. Ọdẹ aperin ni Olútìmẹ́yìn tí òun àti Láròóyè jọ tẹ ibẹ̀ dó. Ìtàn sọ pé nígbà tí igi tí wọ́n gé wó sínú odò, tó sì fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun, wọn kò jà. Wọ́n bá odò dá májẹ̀mú, wọ́n sì ṣí kúrò létí omi. Títí di òní, ọdẹ ṣíṣe àti ẹja pípa ṣì jẹ́ èèwọ̀ nínú igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé ní 2005. Ọdẹ ni Erinlẹ̀ tí wọ́n ń bọ ní Ìlobù kó tó di odò. Ẹni tó bá sì pa ẹkùn láyé àtijọ́, ààfin ló ń gbé awọ rẹ̀ lọ, kò sí ọdẹ tó dúró níwájú ọba láti sọ pé ẹran ìgbẹ́ kò lólúwa. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà tó jẹ nínú igbó, bó bá pẹran, kò ní fẹ́nì kan jẹ. Òótọ́ ni, síbẹ̀ ó ń fún wọn jẹ, nítorí ó mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ni igbó.

Ọ̀wọ̀ nìkan kọ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ọdẹ tó de iná mọ́rí lóru, ojú ẹran tó ń tàn bí ẹ̀yinná ló ń wá. Ojú ẹtu ń tàn, ojú ewúrẹ́ tó já okùn ń tàn, ṣùgbọ́n ojú èèyàn kì í tàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn ewúrẹ́ yẹn, tó ń wá a kiri nínú òkùnkùn, ọdẹ lè má rí i rárá, ṣakabùlà kì í sì í yin ọta kan ṣoṣo. Wẹ́wẹ́ irin inú rẹ̀ á fọ́n ká ni. Olóko ló mọ̀ pé àwọn alágbàṣe tó wá láti Benue sùn sí ahéré lọ́sẹ̀ yìí, pé àwọn obìnrin máa pẹ́ nídìí epo pupa tí wọ́n ń fún, pé tàkúté wà nídìí ọ̀pẹ tó wó. Kò síwèé àṣẹ ìbọn tó lè sọ ìyẹn fún ọdẹ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá tún dé, àwọn tó ń wá ọ̀yà á ti iná bọ ìgbẹ́ kí ẹran lè sá jáde, ọyẹ́ á sì gbé iná náà dé oko ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ní 1983, nígbà tí ọ̀dá mú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, iná ìgbẹ́ jó oko kòkó rẹpẹtẹ ní Gánà. Ọdẹ nìkan kọ́ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ ọwọ́ wọn kò mọ́ níbẹ̀. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé olóko kì í sábà kọ̀. Ẹni tí ọ̀yà ń jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ló máa ṣáájú fi ipasẹ̀ ẹran han ọdẹ, bí ọdẹ bá ti kí i lásán.

Àwíjàre kan wà tí mi ò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: ta ni kí ọdẹ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Ìlobù ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n ni ti Òrolú, ṣùgbọ́n ilé wọnú ilé débi pé àlejò tó ń kọjá kò lè mọ ibi tí ìjọba Olóbù, ọba Ìlobù, parí sí àti ibi tí ti Olúfọ́n, ọba Ìfọ́n, ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, ìjà ilẹ̀ bẹ́ láàárín àwọn ìlú wọ̀nyí, ó kan Ẹrin-Ọ̀ṣun náà, ẹ̀mí lọ, ilé jóná, ìjọba ìpínlẹ̀ sì fi òfin kónílé-ó-gbélé dè wọ́n. Nínú irú ipò yìí, ẹni tí ọdẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó gbà pé ó nilẹ̀. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀: ìtàn àtẹnudẹ́nu, ìwé, lílo ilẹ̀ bí onílẹ̀, níní in lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́, àti níní ilẹ̀ tó bá a pààlà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wa kì í pẹ́ kó tó kan ọdẹ kan tó kọ́kọ́ débẹ̀. Ìdẹ̀gbẹ́ tí kò sẹ́ni tó dá lẹ́kun náà sì lè di ẹ̀rí pé èèyàn ń lo ilẹ̀ bí onílẹ̀. Bí ọdẹ Ìlobù bá lọ dọ̀bálẹ̀ fún olórí ẹbí kan ní Ìfọ́n, agbẹjọ́rò kan ò ní ṣàì rántí rẹ̀ lọ́jọ́ ẹjọ́. Bí ará Ìfọ́n bá ṣe é ní Ìlobù, bákan náà lọmọ ṣe orí. Nítorí náà ni àwọn ọdẹ fi ń dákẹ́, wọ́n sì ń wọlé.

Ìbẹ̀rù yẹn mọ́gbọ́n dání. Ìdákẹ́ ni kò mọ́gbọ́n dání. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń jà sí, ọkùnrin tó gbé ìbọn wọlé lóru láìkí ẹnikẹ́ni, amí ogun ni wọ́n máa pè é. Òrìṣà Olúfọ́n fúnra rẹ̀, nínú ìtàn tí wọ́n mọ̀ títí dé Brazil, ẹṣin Ṣàngó ni wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n bí olè láìbi í léèrè ọ̀rọ̀. Kí ni wọn kò ní ṣe fún ọdẹ tí kì í ṣe òrìṣà? Ọ̀nà àbáyọ wà nínú òfin wa fúnra rẹ̀. Nínú ẹjọ́ Amakor àti Obiefuna ní 1974, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ là á yé wa pé ẹni tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹni tó wọlé láìgbàṣẹ ṣẹ̀, ó sì lè pè é lẹ́jọ́. Bó bá lè pe ẹjọ́ ìwọlé, ó lè yọ̀ǹda ìwọlé. Kí ọdẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ebè, kódà kó jẹ́ àlejò tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó ni ilẹ̀. Àwọn tó ń ké pé òfin ìlò ilẹ̀ ti 1978 ti sọ ilẹ̀ di ti gómìnà kò kà á dópin: òfin kan náà yẹn fi ilẹ̀ oko sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń dá a.

Àwọn ọdẹ tún ń sọ ti ààbò. Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ti bẹ̀rẹ̀ ní 2020, ọdẹ ti di ẹ̀ṣọ́, ó sì dà bíi pé ẹni tó ń ṣọ́ wa kò gbọ́dọ̀ máa tọrọ àyè kiri. Ẹni tó bá ń tọ ipa ajínigbé lọ, kò sẹ́ni tó ní kó dúró kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ìdẹ̀gbẹ́ kọ́ nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹtu wọ aṣọ ẹ̀ṣọ́. Ní oṣù karùn-ún 2021, àwọn gómìnà gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n ní kí fífi ẹran jẹ̀ kiri dópin, olóko ilẹ̀ Yorùbá sì pàtẹ́wọ́. Bí a bá ní kí darandaran má wọ oko láìgbàṣẹ, mi ò mọ ẹnu tí a óò fi sọ pé ọdẹ tiwa lè wọ̀ ọ́. Ohun kan ni mo gbà fún wọn: ẹran tí wọ́n ti yìn, tó fara gbọgbẹ́ sọdá ààlà, kò yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀ kó máa jẹ̀rora. Kí ọdẹ tẹ̀ lé e, kó yọ ẹ̀tù lójú ìbọn, kó sì wí fún olóko nígbà tílẹ̀ bá mọ́.

Iṣẹ́ tó kù wà lọ́wọ́ Olúọdẹ ìlú méjèèjì ju ọwọ́ ìjọba lọ. Bébà kan ṣoṣo tó nítumọ̀ ni kí wọ́n jọ fọwọ́ sí kí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ tó dé: pé ọdẹ á tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń roko, pé ẹni tó bá dáná sungbó á san ohun tó jó, àti pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé àyè tí ọdẹ tọrọ tàbí èyí tí olóko fún un lọ síwájú adájọ́ nínú ẹjọ́ ilẹ̀ kankan láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n.