Nígbà Tí Oṣù Bá Parí Tí Owó Kò Wọlé

Àgbẹ̀ a máa wo ojú ọ̀run, ọlọ́jà a máa wo ojú oníbàárà, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba mọ ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò dé. Bẹ́ẹ̀ la gbà á gbọ́ ní Ìgbẹmọ níbí, tí ọ̀pọ̀ òbí fi ta ìrẹsì oko wọn kí ọmọ lè di tíṣà.

Ní ọdún 2025, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà kò fẹnu kò lórí owó tí ìjọba yóò ná. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti wà ní títì pa, ó di ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá kí wọ́n tó ṣí i. Ọjọ́ 43 gbáko! Ti ìparí 2018 wọ 2019 gba ọjọ́ 35, ó sì kan òṣìṣẹ́ bí 800,000. Àwọn kan jókòó sílé. Àwọn tí ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfuurufú ń ṣiṣẹ́ lọ láìgba kọ́bọ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àwọn àgbààgbà ìjọ, ọ̀kan nínú wọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Pásítọ̀, ọjọ́ mẹ́tàlélógójì kẹ̀? Ẹ ní kí wọ́n wá bi wá."

Òótọ́ ló sọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, òfin ọdún 2019 ní kí wọ́n san owó tí wọ́n jẹ òṣìṣẹ́ bí ìjọba bá ti ṣí (àwọn tí agbaṣẹ́ṣe gbà síṣẹ́ kò sí nínú òfin náà o). Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnikẹ́ni kò ti ọ́fíìsì. Òṣìṣẹ́ ń lọ, ó ń bọ̀, owó ni kò dé. Nígbà tí iye owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ láti àárín ọdún 2014, owó tí àwọn ìpínlẹ̀ ń gbà láti Àbújá lóṣooṣù dínkù, gbèsè owó oṣù sì bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù keje 2015, ìjọba àpapọ̀ ní láti gbé owó ìrànwọ́ kalẹ̀. Ní Ọ̀ṣun, àwọn òṣìṣẹ́ ipò gíga gba ìdajì owó oṣù títí wọ 2018. Ní Èkìtì níbí, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2016, gbèsè náà sì kọjá láti ọwọ́ gómìnà kan sí èkejì.

Ohun tí ìwé ìròyìn kì í kọ tó ni ti àwìn. Owó oṣù tíṣà kan kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ìyá tó ń ta gàárì, ọlọ́kadà, télọ̀, alájọ, gbogbo wọn ló ń jẹ níbẹ̀. Arákùnrin kan dẹ́kun wíwá sí ìsìn. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ wò nílé, ó ní ìyá tí òun jẹ ní gbèsè ló ń jókòó níwájú òun, òun kò sì lè máa wo ẹ̀yìn gèlè rẹ̀ kí òun máa kọrin.

Àwọn kan ní kí wọ́n lọ dáko, ṣebí ìlú ìrẹsì ni wá. Ó rọrùn lẹ́nu! Ìrẹsì gbà tó oṣù mẹ́rin kó tó gbó. Owó alágbàro dà? Tíṣà tí wọ́n gbé lọ sí ìlú mìíràn sì ń san owó ọkọ̀ lójoojúmọ́ lọ síbi iṣẹ́ tí wọn kò san owó rẹ̀. Ní tèmi, ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì yá owó ọkọ̀ rí.

Lọ́dún náà, àwọn ìyá ìjọ fúnra wọn ló dábàá pé ká má ra aṣọ ìkórè. Inú àwọn kan kò dùn. Àwọn àgbẹ̀ gbé àpò ìrẹsì sí yàrá ẹ̀yìn, kóńgò wà nínú rẹ̀; a kò fi ẹnikẹ́ni ṣọ́ ọ, a kò sì kọ orúkọ ẹni tó bù ú. (Kóńgò náà kò sọnù.)

Mo pe arákùnrin yẹn àti ìyá náà jọ. Ìyá ní òun náà jẹ ẹni tí òun ń ra gàárì lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà òun kò lè pa gbèsè náà rẹ́. A fẹnu kò sí i pé nígbàkigbà tí owó bá wọlé, bó ti wù kó kéré mọ, kí ó kọ́kọ́ ya ti ìyá sọ́tọ̀. Ó gbà wọ́n ju ọdún méjì lọ, ìyá ń fi bírò fa ìlà sí ojú ewé tó bá ti san tán. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé ìpàdé wa ni arákùnrin náà ti padà sí ìsìn, ṣùgbọ́n apá kejì ṣọ́ọ̀ṣì ló jókòó sí.