Àwọn Tí Ń Lọ àti Ohun Tí Wọ́n Ń Mú Lọ

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra aṣọ yóò kọ́kọ́ fọwọ́ pa á wò kí ó tó sanwó. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra iṣu yóò gbé e sókè, yóò wò ó tọ̀tún tòsì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ra ìdójútòfò, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí ínṣọ́ránsì, kò rí nǹkan kan gbé lọ sílé bí kò ṣe ìwé kan àti ìlérí pé bí iná bá jó, bí olè bá jà, bí ọkọ̀ bá dànù, òun nìkan kọ́ ni yóò ru ẹrù òfò náà. Ìlérí gan-an ni ọjà. Ìlérí kò sì lè dá rìn. Ènìyàn ni í gbé e dé ìsọ̀ oníṣòwò. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò bá ń kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan èjèèjì, kì í ṣe àga nìkan ni ó ń ṣófo.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́ ní Nàìjíríà. Ọdún 1921 ni Royal Exchange Assurance ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ẹ̀ka sí Èkó. Kí wọ́n tó dé, àjọ àti èésú ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá, adashi sì wà ní ilẹ̀ Háúsá. Nínú gbogbo ètò wọ̀nyí, ènìyàn ni owó ń bá lọ. Ẹni tí ń dá àjọ mọ alájọ lójú, ó mọ ilé rẹ̀, ó mọ àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn Yorùbá bá sì fẹ́ yin ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ pé, wọn a ní orí rẹ̀ pé bí ti alájọ Ṣómólú, ọkùnrin tí wọ́n ní ó ń gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn láìkọ ọ́ sílẹ̀, tí kì í sì í ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń yìn bẹ́ẹ̀. Ènìyàn kan tí kì í gbàgbé ni.

Ní ẹ̀ka Kánò ti ilé-iṣẹ́ adójútòfò ńlá kan tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Èkó, obìnrin ọmọ Ọ̀fà kan tí wọ́n bí sí Sabon Gari ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn mọ́kànlá ni wọ́n jọ gba ìwé ìgbanisíṣẹ́ ní ọdún 2010. Kí ọdún mẹ́rin tó pé, òun àti ẹnì kan péré ni ó kù nínú wọn. Kò sí ẹni tí ó bá ọ̀gá jà, kò sì sí ẹni tí ó jalè. Ohun kéékèèké ni ó ń lé wọn lọ. Ní oṣù Kìíní ọdọọdún ni iye owó tí oníkálukú gbọ́dọ̀ mú wọlé, èyí tí wọ́n ń pè ní tágẹ́ẹ̀tì, ń ga sí i. Iye tí ènìyàn fi òógùn ojú dé ní ọdún tí ó kọjá ni wọn yóò sọ di ìpìlẹ̀ ti ọdún tuntun, débi pé ẹni tí ó ṣe dáadáa jùlọ ni ìyà rẹ̀ máa ń pọ̀ jùlọ. Owó ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, àpò ara wọn ni ó ti ń jáde. Bí àyè ọ̀gá bá ṣí, wọn a mú ẹlòmíràn wá láti ìta kí ó wá jẹ ọ̀gá lé àwọn tí yóò kọ́ ọ níṣẹ́ lórí.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà lórí ìwé. Ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ń pèsè òṣìṣẹ́ ni ó gbà wọ́n, òun ni ó sì ń san owó oṣù wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tábìlì kan náà ni gbogbo wọn jọ ń jókòó tì, tí oníbàárà kò sì lè mọ ìyàtọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lọ. Yorùbá ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ní ẹ̀ka yìí, ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òun ti rí igi mìíràn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni àwọn tí ó kù yóò kàn rí tábìlì tí wọ́n ti nù mọ́ féfé.

Ohun tí irú àlọ yìí ń bàjẹ́ kò hàn kedere títí di ọdún 2017. Iná ńlá jó ọjà Sabon Gari ní Kánò ní oṣù Kẹta ọdún 2016, ó sì sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìsọ̀ di eérú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Alájì kan tí ń ta aṣọ ní Kantin Kwari gbà láti ra ìdójútòfò iná. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ẹ̀ka náà ni ó yí i lọ́kàn padà. Ó lọ sí ìsọ̀ Alájì ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, ó bá a mu tíì, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un ní èdè Háúsá. Alájì san owó ọdún kan ní oṣù Kẹrin. Ní oṣù Kejì ọdún tí ó tẹ̀lé e, ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ. Ó ti dúró fún oṣù mẹ́rìnlá kí wọ́n fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀, wọn kò ṣe é. Ibòmíràn sì fún un ní owó tí ó lè fi gbé ìyàwó.

Nọ́ńbà fóònù tí ó wà nínú fáìlì Alájì kì í ṣe ti Alájì. Ti fóònù ilé-iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni. Nígbà tí ọjọ́ àtisan owó ọdún kejì súnmọ́, kọ̀ǹpútà ní Èkó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìránnilétí ránṣẹ́ bí ó ti yẹ. Fóònù tí ó yẹ kí ó gbà á wà nínú àpótí tábìlì kan, ó ti kú. Ọjọ́ kọjá. Ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn rẹ̀, iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì jó ìsọ̀ Alájì.

Òfin kò ní ìkọ̀kọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Ìdójútòfò ti ọdún 2003, èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, sọ ní abala 50 pé ẹni tí kò bá tíì sanwó kò ní ààbò, NAICOM tí í ṣe àjọ alábòójútó sì ti ń fi ọwọ́ líle mú un láti oṣù Kìíní ọdún 2013. Èsì tí ó wá láti Èkó kò ju ìlà mẹ́ta lọ, kò sì sí irọ́ kan nínú rẹ̀. Obìnrin ọmọ Ọ̀fà yìí ni wọ́n ní kí ó sọ ọ́ fún Alájì.

Alájì kò pariwo. Ó béèrè ibi tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà wà. Obìnrin náà ní, “Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ṣì wà.”

Alájì wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Èmi kò mọ ilé-iṣẹ́. Ọmọ yẹn ni mo mọ̀.”

Ta ni ó jẹ̀bi? Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò jí nǹkan kan. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti wá ibi tí ó sàn. Ilé-iṣẹ́ tẹ̀lé òfin. Alájì kò kọ̀ láti sanwó. Kò sí ẹni tí ó wá gbà á ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìsọ̀ jó, tí owó ogún ọdún sì bá iná lọ. Irú òfò báyìí kò ní ojú ìwé tirẹ̀ nínú ìṣirò ọdún ilé-iṣẹ́ kankan.

Obìnrin náà dá ìwé kan sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn èyí. Ó kọ orúkọ gbogbo oníbàárà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sí i, nọ́ńbà fóònù tiwọn gan-an, àti ọjọ́ tí owó oníkálukú yóò parí. Wọ́n jẹ́ 63. Nígbà tí òun náà kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2019, nítorí pé àyè ọ̀gá tí ó ti ń retí tún bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó wá láti ìta, ó fi oṣù kan tí ó kù fún un mú ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀ káàkiri ọjà, ó ń fi í han àwọn oníbàárà lójúkojú. Ó dé ọ̀dọ̀ 41 nínú wọn kí oṣù tó parí. Ẹnikẹ́ni kò rán an, ẹnikẹ́ni kò sì san owó ọkọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ìwà rere ẹnì kan kò lè rọ́pò ètò. Àwọn 22 tí kò rí yẹn ń kọ́?

Láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ti ń fi owó wọn agbára àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí. Láàárín ọdún 2005 sí 2007, ìjọba ní kí ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ìdójútòfò ẹ̀mí ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù 2 náírà, kí àwọn tí ń ṣe ti dúkìá ní bílíọ̀nù 3. Àwọn ilé-iṣẹ́ 104 dín kù sí 49. Òfin tuntun ti ọdún 2025 tún gbé e sókè sí bílíọ̀nù 10 fún ti ẹ̀mí àti bílíọ̀nù 15 fún ti dúkìá. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí apó tí ó gbẹ kò lè san gbèsè òfò. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Alájì kọ́ ni apó ti gbẹ. Owó wà ní Èkó. Ẹni tí yóò rántí ọjọ́ ni kò sí ní Kánò.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba bílíọ̀nù. Kí nọ́ńbà oníbàárà fúnra rẹ̀ wà nínú fáìlì rẹ̀. Kí ẹni tí ń lọ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọn yóò sanwó rẹ̀, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó fi arọ́pò rẹ̀ mọ àwọn oníbàárà. Kí èrè wà fún ẹni tí oníbàárà rẹ̀ dúró, kì í ṣe fún ẹni tí ó mú tuntun wá nìkan. Kí àyè ọ̀gá kọ́kọ́ kan àwọn tí ó ti wà nílé. Kí àwọn olùdarí sì máa ka iye òṣìṣẹ́ tí ó lọ lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ka owó tí ó wọlé, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn ìdí tí wọ́n fi ń lọ, kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà.