Ọ̀rinrin Tí Mo Sé Mọ́ Inú Kọ́ìlì

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń múra iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó ná owó yín.

Kọ́ìlì Tesla ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ṣe, irú èyí tí Nikola Tesla gbé jáde ní 1891. Alẹ́ mẹ́ta la fi wé wáyà bàbà tín-ín-rín mọ́ páìpù PVC ní ìyípo 900, láìjẹ́ kí ọ̀kan gun èkejì. Owó oúnjẹ ọ̀rẹ́ mi la fi ra wáyà yẹn.

Ó wá ku ohun tí a máa fi bò ó. Ìbòrí yìí ló ń di wáyà mú kó má sún, òun náà ni kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin wọlé, kí iná má baà fò láti ìyípo kan sí òmíràn. Ọ̀rẹ́ mi ní ká ra fáníìṣì polyurethane, ká máa kùn ún ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo kọ̀. Epoxy ni mo fẹ́, torí ó nípọn, ó ń dán, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la sì máa dà á. Òjò ń rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo po epoxy, mo dà á lé e.

Nígbà tí a tan iná sí i, iná ò yọ lókè. Abẹ́ epoxy ló ti ń kọ mànà. Òórùn ìjóná gba yàrá, ìlà dúdú kan sì là á já wálẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ò bá mi jà. Ó kàn jókòó, ó ń wò ó. Ìyẹn ló dùn mí jù.

A gbé e lọ bá bàbá kan tó máa ń wé kọ́ìlì mọ́tò. Ó ní, "Ṣé ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó kùn ún?" Mo ní, "Rárá, sà." Ó fi hàn mí bí afẹ́fẹ́ ṣe há sínú epoxy bí ìfófòó ọṣẹ. Nǹkan bíi 3,000 volt ti tó kí iná la afẹ́fẹ́ mìlímítà kan já, nítorí náà ibi tí afẹ́fẹ́ bá há sí ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Epoxy kọ́ ló jẹ̀bi. Èmi ni mo sé ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ mọ́ inú rẹ̀.

Mo ta fóònù mi, a ra wáyà mìíràn. A nu páìpù tuntun, a sá a sóòrùn, a sì tún un wé. Fáníìṣì aláìláwọ̀ la lò, torí èédú wà nínú àwọn ọ̀dà dúdú kan, èédú sì ń gbé iná. Ẹ̀ẹ̀mẹta la kùn ún, a sì ń dúró kí ọ̀kan gbẹ dáadáa kí a tó kun òmíràn.

Ẹ má gbàgbé o: kọ́ìlì ni ìbòrí yìí ń dáàbò bò, kì í ṣe ọwọ́ yín. Ẹ má fọwọ́ kàn án tí iná bá wà lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a lọ dáhùn níwájú àwọn olùkọ́, iná yọ lókè, ó pẹ̀ka bí igi. Ọ̀rẹ́ mi fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi, ó ní: "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú..." Mi ò jẹ́ kó parí rẹ̀.