Ta Ló Ni Etí Títì Ní Èkó?

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni bàbá télọ̀ kan ní Ṣómólú ti máa ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé. Kẹ̀kẹ́ ológeere dúdú ni, tòkunbọ̀, tí ọ̀dà ti ń ṣí kúrò lára irin rẹ̀. Bàbá náà á fọwọ́ tẹ táyà méjèèjì wò, á dán bíréèkì wò, á so àpò tí yóò fi kó bọ́tìnnì, òwú àti síìpù mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, á sì kọrí sí Ìdúmọ̀tà. Yóò gba Yábà, yóò kọjá ní Òyìngbò àti Ìddó, kí ó tó gba Afárá Carter wọ Erékùṣù Èkó. Kí oòrùn tó mú ganrínganrín, ó ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe eré ìdárayá ló sọ ọ́ di ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, ni Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo tí kò tó 200 náírà ní Èkó fò kọjá 480 náírà, owó ọkọ̀ sì bá a gòkè. Ẹni tó ń wọ dánfó lọ sí Ìdúmọ̀tà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ wá ń ṣírò bóyá èrè orí aṣọ tó rán yóò tó owó ọ̀nà. Ọ̀kadà kò sì ṣe é sá tọ̀ mọ́. Láti ọjọ́ kìíní, oṣù Kejì, ọdún 2020 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin dè é ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Erékùṣù Èkó sì wà lára wọn. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2022, wọ́n tún tẹ òfin náà mọ́lẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ni bàbá náà wí, ó sì ra kẹ̀kẹ́.

Ohun ìyì ni kẹ̀kẹ́ yìí jẹ́ nílẹ̀ Yorùbá nígbà kan rí. Àgbẹ̀ tó bá ta kòkó, tó sì fi èrè rẹ̀ ra Raleigh, gbogbo àdúgbò ni yóò bá a yọ̀. Kẹ̀kẹ́ ni olùkọ́ ń gùn lọ sí iléèwé, òun náà ni oníwàásù ń gùn láti abúlé dé abúlé. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ló yí padà. Ojú tí a fi ń wò ó ló yí padà, títì sì yí padà tẹ̀ lé ojú wa.

Bàbá télọ̀ mọ èyí dájú lówùúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́bàá Yábà. Èrò kan nínú dánfó kígbe pé, "Ó wà o!" Awakọ̀ kò wo ẹ̀yìn, kò wo ẹ̀gbẹ́, àárín títì ló ti já wọ etí títì lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá fún bíréèkì, táyà yọ̀, gọ́tà tí kò ní ìdérí ló sì gbà á sílẹ̀. Orúnkún rẹ̀ bó, ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ wú, bọ́tìnnì fọ́n káàkiri inú omi ìdọ̀tí. Dípò kí kọ̀ndọ́kítọ̀ sọ pé pẹ̀lẹ́, ohun tó sọ ni pé, "Bàbá, ẹ lọ máa gun kẹ̀kẹ́ yín lábúlé!" Àwọn kan nínú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Nínú gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: ìlú ti gbà pé ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ kò ní ẹ̀tọ́ sí títì, nítorí náà ẹ̀bi ẹni tó ṣubú ni pé ó wà níbẹ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀ sunkún nígbà tó rí ọwọ́ tó wú náà. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa fún yín lówó ọkọ̀."

"Owó wo, ọmọ mi? Ṣé èyí tí o fẹ́ fi san owó iléèwé àwọn ọmọ rẹ?"

Kò rí èsì fọ̀. Nígbà tó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó mú àṣíborí kan àti iná pupa kékeré fún ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wá. Bàbá yí àṣíborí náà wò síwá sẹ́yìn, ó bèèrè ibi tí òun yóò wá dé fìlà sí. Ṣùgbọ́n ó dé e. Inú àpò bọ́tìnnì ni fìlà ń wà báyìí títí yóò fi dé ọjà.

Ní òwúrọ̀ Sátidé àti Sunday, àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ mìíràn a máa jáde ní Ìkòyí àti Lẹ́kkí. Aṣọ wọn ń tàn, kẹ̀kẹ́ wọn fúyẹ́, wọ́n sì tò tẹ̀ lé ara wọn. Ohun tó ń dáàbò bò wọ́n jùlọ kì í ṣe àṣíborí olówó ńlá. Wọ́n pọ̀ ni. Awakọ̀ tó bá rí ogún ènìyàn níwájú yóò tẹ bíréèkì. Ẹni kan ṣoṣo ni ojú rẹ̀ máa ń fò dá. Síbẹ̀, bí wọ́n bá túká, tí oníkálukú kọrí sí ilé rẹ̀, ewu tó ń dúró de bàbá télọ̀ náà ló ń dúró de àwọn náà. Ọkọ̀ kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà.

Eré sísá ló ń pani jù. Ní oṣù Kejì, ọdún 2020, níbi àpérò àwọn mínísítà àgbáyé ní Stockholm, wọ́n fẹnu kò pé níbi tí ọkọ̀ bá ti ń bá ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ lo ojú ọ̀nà kan náà, eré kò gbọdọ̀ kọjá kìlómítà 30 ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni Èkó ń kọ́ títì fún. Afárá Third Mainland, tó gùn tó kìlómítà 11.8, tí wọ́n sì ṣí ní ọdún 1990, kò ní àyè kankan fún kẹ̀kẹ́.

Àwọn kan ń sọ pé òyìnbó nìkan ni ọ̀nà kẹ̀kẹ́ wà fún. Wọn kò rántí pé àwọn ará Netherlands pàápàá kò bá a nílẹ̀. Ní ọdún 1971, ó lé ní 3,000 ènìyàn tí ọkọ̀ pa ní orílẹ̀-èdè kékeré yẹn, àwọn ọmọdé inú wọn sì lé ní 400. Àwọn òbí bọ́ sí títì, wọ́n ní ìpànìyàn ni. Nígbà tó di ọdún 1973, epo wọ́n, ìjọba sì pàṣẹ pé kí ọkọ̀ má jáde lọ́jọ́ Sunday. Ẹkún òbí àti ọ̀wọ́n epo wà lára ohun tó bí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí aráyé ń lọ wò níbẹ̀ lónìí. Èwo nínú méjèèjì ni Èkó kò ní?

Òótọ́ ni pé kíkun ọ̀dà sí etí títì kò tó. Ìyá tó pàtẹ tòmátò wà níbẹ̀, agbèrò wà níbẹ̀, ọkọ̀ tó bàjẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀kadà tó ń gba ọ̀nà òdì náà ń gba ibẹ̀. Bí wọ́n bá lé gbogbo wọn láìfún wọn níbòmíràn, wọn yóò padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tó yẹ kò ju agbára lọ: kí wọ́n bo gọ́tà, kí wọ́n fún dánfó ní ibùdókọ̀ tí kò ní mú un já wọ etí títì, kí wọ́n fi kọnkéré kéékèèké pààlà sáàárín ọkọ̀ àti kẹ̀kẹ́, kí wọ́n sì ṣètò àyè fún àwọn tó ń pàtẹ. Bí wọ́n bá bo gọ́tà nìkan, yóò ṣe ọmọ iléèwé àti aboyún tó ń fẹsẹ̀ rìn láǹfààní kó tó kan ẹlẹ́kẹ̀kẹ́.

Kí ọjọ́ náà tó dé, bàbá télọ̀ àti ọmọ rẹ̀ ti dá ọgbọ́n tiwọn. Bí bàbá bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí Afárá Carter, yóò pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, yóò sì gé e kó tó gbé e. Bí fóònù bá ti dún lẹ́ẹ̀kan, ó yé e. Ìgbà náà ni yóò tó gbé omi tíì kaná.