Abéèrè Ọ̀nà Nínú Igbó Ìwé ATLAS

Lábẹ́ ilẹ̀ Meyrin, lẹ́bàá ìlú Geneva ní Switzerland, ẹ̀rọ ìwádìí físíìsì tí wọ́n ń pè ní ATLAS jókòó sínú ihò tó jìn tó nǹkan bíi mítà 100. Ó gùn tó mítà 46, ó ga tó mítà 25, ó sì wúwo tó 7,000 tọ́ọ̀nù. Inú rẹ̀ ni àwọn prótọ́ọ̀nù tó ti sáré yí ihò oníkìlómítà 27 po ti ń forí sọ ara wọn, tí àwọn onímọ̀ físíìsì sì ń wo ohun tó fọ́n jáde.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe rí ràgàjì tó, àkọsílẹ̀ tó wà nípa rẹ̀ ló ń dààmú àlejò jù. Láti 1992, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn láti orílẹ̀-èdè bíi 40 ti kọ tiwọn sí i: ìlànà ìlò sọ́fítíwíà, àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìwé ìwádìí tí ará ìta kì í rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á wá ìlànà kan títí, á rí mẹ́ta tó ta kora. Àwọn tó kọ ọ́ sì lè ti gbaṣẹ́ síbòmíì. Ọ̀ràn yìí ti pẹ́ ní CERN, ibùdó ìwádìí tí ATLAS wà. Òun ló mú kí Tim Berners-Lee, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà yẹn, kọ àbá rẹ̀ ní 1989, àbá tó di wẹ́ẹ̀bù tí gbogbo ayé ń lò.

Ní báyìí, ẹ̀rọ AI kan tí wọ́n pè ní chATLAS ló ń bá wọn tú ìwé. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohunkóhun, wọ́n ti gé àwọn ìwé náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n ti sọ ègé kọ̀ọ̀kan di ọ̀wọ́ nọ́ńbà tó dúró fún ìtumọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè náà á di nọ́ńbà. Àwọn ègé tó bá sún mọ́ ọn jù ni ẹ̀rọ á fà yọ, á kà wọ́n, á sì fi wọ́n hun ìdáhùn.

Ká ní ẹnì kan béèrè bí wọ́n ṣe ń yan muon, ọ̀kan lára àwọn ohun tín-tìn-tín tó máa ń fọ́n jáde, tó dára. Ìlànà tí wọ́n lò láàárín 2015 sí 2018 wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ fún iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022 náà wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu délẹ̀. Nọ́ńbà mọ ìjọra, kò mọ èyí tó ti gbó. Ẹ̀rọ lè fa ti àtijọ́ yọ, kó sì fi ẹnu dídùn kà á síta. Ìdí nìyẹn tí ojú ẹni tó mọṣẹ́ fi ń kọ́kọ́ lọ sí orísun ìdáhùn àti ọdún tí wọ́n kọ ọ́.

Abéèrè kì í ṣìnà lóòótọ́, bí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bá mọ̀nà. Ọwọ́ èèyàn ni ìyẹn ṣì wà: ẹni tó bá kọ ìlànà tuntun ló yẹ kó yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò, tàbí kó kọ ọ́ gàdàgbà sórí rẹ̀ pé wọn ò lò ó mọ́.