Ọtí Kì í Dàgbà Nínú Ìgò

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ ọtí ni mo gbé wá lóṣù yìí, ṣùgbọ́n ẹ má tíì pè mí ní ọ̀mùtí. Ìgò kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù bàbá mi ní Aké, l'Ábẹ́òkúta. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wà níbẹ̀, láàárín Bíbélì ńlá àti àwọn àwo tánńganran tí ìyá wa fi sílẹ̀ lọ. Ìgò wisikí ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Glasgow, ní ilẹ̀ Skọ́tílándì, ló gbé e wá ní Dìsẹ́ńbà 2014, nígbà tí Bàbá pé ẹni àádọ́rin ọdún. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé ọtí náà ti lo ọdún 25. Bàbá gbà á, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà," ni wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ kó tún dàgbà sí i." Ni wọ́n bá tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Láti ìgbà náà, bí àlejò pàtàkì bá dé, Bàbá á ní kí n gbé ìgò náà jáde. "Ó ti di ọgbọ̀n ọdún báyìí o." Lọ́dún kejì, "Ó ti di mọ́kànlélọ́gbọ̀n." Àlejò á yẹ́ ẹ wò, á mirí, èmi á sì dá a padà. Ṣínáàpù ni wọ́n máa ń bu fún àlejò.

Ohun tí n kì í sọ fún àlejò kankan ni pé ìgò náà kò tíì pé ọdún kan nílé tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fi dàjọ̀gbọ̀n. Ó fi owó ránṣẹ́ sí mi kí n fi mọ fẹ́ǹsì yí ilẹ̀ Bàbá ká ní Ọ̀dẹ̀dá. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyàwó mi rọbí, wọ́n ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Mo ná owó náà. Ẹni tó bá wà ní ipò mi á ná an. Èyí tó burú ni pé n kò sọ. Ẹ̀gbọ́n mi bèèrè, mo ní sìmẹ́ńtì wọ́n. Ó tún bèèrè, mo ní òjò ni. Nígbà tó gbọ́ òótọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó bá mi wí, ìtìjú sì mú kí n fi ẹnu burúkú dá a lóhùn. Bí ìpè ṣe dópin láàárín wa nìyẹn. Èmi a máa sọ fún ara mi pé, "Jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀. Á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀."

Ní 2023, ọ̀gá mi níléeṣẹ́ ìwé ìròyìn ní kí n kọ nǹkan nípa ọtí ilẹ̀ wa àti ti òkèèrè. Ti ògógóró kò ṣòro fún mi. Ẹmu ni wọ́n ń dá sínú dúrọ́ọ̀mù lórí iná. Ooru rẹ̀ á gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, á sì máa kán tó-tó-tó sínú ìgò. Ọtí yìí náà ni ìjọba àwọn òyìnbó fòfin dè láyé ìjọsí, tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ju àwọn èèyàn wa sẹ́wọ̀n.

Nígbà tí mo wá ka ti wisikí ni ẹnu yà mí. Bí wisikí ṣe ń jáde lórí iná, funfun bíi ògógóró ló rí! Irú èyí tí ẹ̀gbọ́n mi gbé wá, àlìkámà tàbí àgbàdo ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n á wá fi ọkà báálì tó ti hù díẹ̀ sí i. Ẹ̀rọ gíga kan bí òpó ni wọ́n fi ń ṣe é. Aeneas Coffey, ará Ireland kan tó ti fìgbà kan rí jẹ́ òṣìṣẹ́ agbowó-orí ọtí, ló gba ìwé àṣẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní 1830. Ẹ̀rọ náà kì í sinmi bí ìkòkò tí wọ́n ń rọ tí wọ́n ń dà nù, ọtí rẹ̀ sì fúyẹ́, kò wọ́n. Àwọn tó ń fi kìkì ọkà báálì ṣe tiwọn bá a jà títí, wọ́n ní kì í ṣe wisikí, kó tó di pé ìgbìmọ̀ ọba ilẹ̀ Bìrìtìkó dájọ́ ní 1909 pé wisikí ni. Lónìí, òun ló pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ wisikí àdàlù tí à ń rà ní Pàńṣẹ́kẹ́.

Òfin wọn ni pé ọtí náà gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́ta, ó kéré tán, nínú àgbá igi óákù, nínú ilẹ̀ Skọ́tílándì. Igi yìí ló ń fún un ní àwọ̀ àti adùn, òun náà ló ń rọ̀ ọ́ lẹ́nu. Igi ń mí; bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ló ń fẹ́ lọ lọ́dọọdún, wọ́n ní ìpín àwọn áńgẹ́lì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá ti rọ ọ́ sínú ìgò, ó tán. Ìgò kì í mí. Ọlọ́dún 25 á wà ní ọlọ́dún 25, ì báà lo ọgọ́rùn-ún ọdún ní kọ́bọ́ọ̀dù.

Mo lọ bá Bàbá, mo ṣàlàyé. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọn kò rẹ́rìn-ín.

"Kò wá dàgbà rárá?"

"Rárá, Bàbá. Bó ṣe wà náà ló wà."

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. "Àkànní, ẹ̀yin méjèèjì ni mo ń dúró dè. Mo ní ọjọ́ tí ẹ bá jọ jókòó níwájú mi ni màá ṣí i. Mo rò pé bó ṣe ń pẹ́ ló ń dára sí i."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo délé, mo tẹ ẹ̀gbọ́n mi láago lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó dún títí kó tó gbé e.

"Àkànní! Ṣé kò sí o? Ṣé Bàbá wà?"

"Bàbá wà. Èmi ni mo ní ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, owó fẹ́ǹsì yẹn, mo ná an, mo sì purọ́ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Kò fèsì lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Mo ti mọ̀ tipẹ́. Ẹnu tìrẹ ni mo fẹ́ fi gbọ́ ọ."

Ó wálé ní Dìsẹ́ńbà ọdún náà. Bàbá fúnra wọn ló já ìdérí ìgò. Wọ́n ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn baba wa, wọ́n sì bu fún wa. Bí mo ṣe fẹ́ gbé tèmi mì bí ẹni tó ń mu ògógóró, ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú. "Rọra. Gbóòórùn rẹ̀ ná, ya ẹnu rẹ díẹ̀. Tọ́ ọ wò kékeré. Wá kán omi díẹ̀ sí i, kí o tún tọ́ ọ wò."

Mo ṣe bó ti wí. Òórùn rẹ̀ dà bí igi tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Lẹ́nu, bàbá dúdú ni, súìtì alágbọn tí à ń rà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi eyín pín sí méjì. Lẹ́yìn omi, ó tún wá rọ̀ sí i, ooru rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ lọ́fun wọ́ọ́rọ́. Mo wojú ẹ̀gbọ́n mi. "Bàbá dúdú," ló wí, kí n tó sọ ọ́.

Bàbá fọ̀ ọ́ lẹ́nu títí kí wọ́n tó gbé e mì. "Ọdún mélòó lẹ ní ó jẹ́?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni, Bàbá."

"Ó tó," ni wọ́n wí, wọ́n sì na kọ́ọ̀bù wọn pé ká tún bu sí i.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń san owó fẹ́ǹsì náà padà, a sì ti mọ ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí irú ìgò bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, tí ẹ sì ń retí kó gbó, ẹ ṣí i. Bí ẹ bá sì wà láàárín ìjà tí ẹ ní kó pẹ́ ná, ẹ gbé fóònù.