Ẹja tí olóólà kọlà fún

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti etí Odò Lea dé, lápá Ware nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
Òórùn ẹja ṣì wà lọ́wọ́ mi, inú mi sì dùn gan-an.

Ẹ ti rí ẹja perch rí?
Ilà dúdú gbọọrọ ní ìhà rẹ̀, àfi bíi pé olóólà ló kọ ọ́.
Lẹbẹ́ abẹ́ rẹ̀ pọ́n bí epo.
Ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ sì mú! Ẹ fìṣọ́ra dì í mú.

Ó pẹ́ tí mo ti ń ju ìwọ̀ sáàárín odò, tí n kò rí nǹkan kan.
Bàbá àgbà kan tó jókòó nítòsí ló fi ibẹ̀ hàn mí:
abẹ́ afárá, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ èbúté, ìdí gbòǹgbò tó wọ inú omi.
Ibẹ̀ ni perch ń lúgọ sí de ẹja wẹ́wẹ́.

Mo fi ekòló ńlá kan sẹ́nu ìwọ̀, mo rọra sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó afárá.
Ohun tó ń léfòó lórí okùn mì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó rì.

Ẹ má fi falẹ̀ o.
Perch a máa gbé ìwọ̀ mì dé ọ̀nà ọ̀fun, yíyọ rẹ̀ á wá di ìyà fún ẹja náà.
Ìyẹn ló dùn mí jù nígbà tí mo ń kọ́ ìwọ̀ dídẹ.

(Láti 15 oṣù Kẹta sí 15 oṣù Kẹfà, a kì í dẹ ìwọ̀ fún perch nínú odò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.)

Mo dá perch tí mo mú padà sómi.
Ó dúró díẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, ó sì wọ ìbú lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sétí odò nílé, ta ló kọ́ yín ní ìwọ̀ dídẹ?